Ìwé Gẹ́gẹ́ Bí Oògùn Ọkàn

Nínú ìtàn àròsọ Days at the Morisaki Bookshop, tí Satoshi Yagisawa kọ ní Japan, ṣọ́ọ̀bù ìwé àlòkù àbúrò ìyá rẹ̀ ní Tokyo ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Takako forí pamọ́ sí nígbà tí olólùfẹ́ rẹ̀ já a kulẹ̀. Oorun ló kọ́kọ́ ń sùn ṣáá. Nígbà tó yá, ó gbé ìwé kan, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú.

Níyì Ọ̀ṣúndáre, akéwì ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, la irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá lóòótọ́. Ìjì Katrina ba ilé àti ìwé rẹ̀ jẹ́ ní New Orleans lọ́dún 2005. Ewì ló fi dáhùn: ìwé ewì rẹ̀, City Without People, jáde ní 2011.

Ọdún yẹn gan-an ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ dé Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣúndáre kan náà. Bí ìwé bá jẹ́ oògùn ọkàn, kò yẹ kó mọ sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó, ẹ ṣí yàrá ìkàwé fún àgbẹ̀ àti ọlọ́jà pẹ̀lú.