Ọmọ Títọ́, Ẹran Sísìn

Ọmọ ni Yorùbá ń tọ́. Ẹran ni Yorùbá ń sìn. Oúnjẹ wà nínú méjèèjì, ìtọ́jú wà níbẹ̀, ìbáwí náà sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè yìí dáadáa tí yóò ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni mo ń rò nígbà tí mo ka The Fall of Reach, ìwé ìtàn àròsọ tí Eric Nylund kọ ní ọdún 2001. Inú ìwé yìí ni a ti sọ bí a ṣe ṣẹ̀dá àwọn jagunjagun inú Halo, eré orí ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọ tí ó jókòó ti eré náà yóò mọ akọni inú rẹ̀: ọkùnrin gìrìwò tí ó wọ ẹ̀wù irin aláwọ̀ ewé, tí a kì í rí ojú rẹ̀.

Nínú ìtàn náà, ní ọdún 2517, àwọn ológun jí ọmọ 75 gbé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Catherine Halsey, ni ó ṣà wọ́n lẹ́sà nítorí pé ara wọn dá ṣáká, ọpọlọ wọn sì pé. Kí àwọn òbí má baà wá ọmọ wọn kiri, wọ́n fi ẹ̀dà ọmọ náà rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀dà náà kì í pẹ́ kí àìsàn tó pa á. Òbí sunkún, wọ́n sin òkú tí kì í ṣe ti ọmọ wọn. Ilẹ̀ wa mọ ẹkún àbíkú, ṣùgbọ́n ìyá àbíkú mọ ẹni tí òun ń bá jà. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ja àwọn lólè.

Wọ́n gba orúkọ ìdílé lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n fi nọ́ńbà dípò rẹ̀: John-117, Kelly-087. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ajá pàápàá ń jẹ́ orúkọ lọ́dọ̀ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òwe ni a sábà máa ń fi sọ ọ́, tí a bá pe ajá, aládùúgbò ni a ń bá wí. Nọ́ńbà kò wo ilé, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn sọ ẹni tí ó ni ẹran ni.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ni ó jọ mí lójú jù. Wọ́n pín wọn ní mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n ní kí wọ́n sáré lọ lu agogo kan. Ẹgbẹ́ tí ó bá kẹ́yìn kò ní jẹun alẹ́. John sáré fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ lu agogo. Síbẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kẹ́yìn, ebi ni ó sùn. Láti ọjọ́ kejì ni ó ti ń dúró de ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdẹ èyíkéyìí tí ó bá ń kọ́ ajá yóò mọ ọgbọ́n yìí: jẹ́ kí ikùn rẹ̀ máa rántí ohun tí o fẹ́.

Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún 14, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ọmọ 30 kú, 12 di aláàbọ̀ ara, 33 ni ó dìde. Halsey mọ̀ wọ́n lórúkọ, ikú wọn sì dùn ún. N kò rò pé ẹkún ẹ̀tàn ni. Olówó ẹran náà ń sunkún bí ẹran rẹ̀ bá kú.

Àwọn ọ̀dọ́ tí mo bá jiyàn ní ṣebí jagunjagun wọ̀nyí ni ó gba aráyé là lọ́wọ́ àwọn àjèjì tí ó wá láti òfuurufú. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí àjèjì kankan tó dé ni wọ́n ti jí àwọn ọmọ náà gbé; àwọn ènìyàn bíi tiwọn, tí ó ń ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba, ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n pa. Ẹ̀yìn tí a ti ṣe iṣẹ́ tán ni àwáwí dé.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú ìwé nìkan ni irú rẹ̀ wà. Nínú ogun Sierra Leone, láti 1991 sí 2002, wọ́n jí ọmọ kéékèèké gbé, wọ́n fún wọn ní oògùn olóró àti ìbọn. Ní ọdún 2007, ilé-ẹjọ́ àkànṣe tí a gbé kalẹ̀ níbẹ̀ dá àwọn ọ̀gá ogun kan lẹ́bi nítorí pé wọ́n fi ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15 ṣe ọmọ ogun. Àwọn kan lára ọmọ wọ̀nyẹn ń pe ọ̀gá wọn ní bàbá. Ó ń fún wọn jẹ, à bí?

Ẹnìkan lè wí pé àwa náà ń retí èrè lára ọmọ: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni yóò máa mu. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún wo èdè wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sin ẹran tí ẹrú fi ń sin olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá tọ́, a fẹ́ kí ó tọ́ ni, kí ó lè dá dúró, kí ó sì mọ ohun tí ó tọ́ yàtọ̀ sí ohun tí a pàṣẹ. Ọmọ òkété ti dàgbà kí ó tó fún ìyá rẹ̀ lọ́mú; ó lè kọ̀. Níbi tí ẹni tí a bọ́ yó, tí a wọ̀ láṣọ, tí a sì kẹ́ kò ti lè kọ̀, ọ̀sìn ni a ń ṣe níbẹ̀, bí ó ti wù kí ìfẹ́ wa pọ̀ tó.