Sí Ilẹ̀ Pupa Akówọnjọ, ní Alímọ̀ṣọ́, Èkó

Olólùfẹ́ mi,

Òjò ń rọ̀ ní Dudley níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní òórùn kankan. Òórùn tìrẹ ló ń wù mí, èyí tó máa ń sọ lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, láti Shasha títí dé Egbeda, tí aboyún á fi fẹ́ bù ọ́ jẹ.

Mo rántí ẹrẹ̀ rẹ tó máa ń já bàtà gbà lẹ́sẹ̀ ẹni, àti eruku rẹ lójú ọlọ́kadà lásìkò ọyẹ́. Ìyá mi á fọ ìbọ̀sẹ̀ ilé-ìwé mi, á fi búlúù sí i, síbẹ̀ pupa rẹ ò ní kúrò. Àgbàrá á gbẹ́ ọ̀nà wa di kòtò, mọ́tò á to jọ ní ráńdábaòtù. A bínú sí ọ nígbà náà o. Mo ti dárí gbogbo rẹ̀ jì ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ kànga ilé wa ni mo kọ́kọ́ mọ inú rẹ. Agbẹ́kànga wọlẹ̀ lọ pẹ̀lú ọkọ́ kékeré, wọ́n ń fi okùn fa korobá sókè, àwa ọmọdé sì jókòó ti òkìtì ilẹ̀ tí wọ́n ń dà síta. Ilẹ̀ dúdú ló kọ́kọ́ jáde, pupa tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà yangí tó ń dún gbàgà lẹ́nu irin, kó tó wá kan yanrìn tútù àti amọ̀ tí a fi mọ ìkòkò ìṣeré. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo kà á pé Coastal Plain Sands ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ọ́. Odò ló fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ru yanrìn rẹ wá láti ara àpáta apá òkè, irú èyí tí Olúmọ jẹ́. Òjò wá ń wẹ̀ ọ́, ó ń wẹ̀ ọ́, títí ohun tó lè yọ́ fi yọ́ lọ, tí irin ṣẹ́kù tó sì dípẹtà. Ìpẹtà yẹn ni pupa rẹ. Òun ló dì di yangí, òkúta tí àwọn baba wa fi ń ṣe ojúbọ Èṣù.

Òkè kékeré kan wà láàárín ilé ní Dudley níbí, Wren's Nest. Òkun ni ibẹ̀ ní nǹkan bí 430 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ẹ̀dá inú òkun tó ti di òkúta sì kún ara rẹ̀. Ìjọba ti dáàbò bò ó láti 1956. Ní 2020, UNESCO sọ gbogbo agbègbè náà, Black Country, di geopark, ibi tí a mọyì nítorí ìtàn ilẹ̀ rẹ̀. Mo rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó kúnlẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n ń fọwọ́ pa òkúta lára. Mo jowú nítorí rẹ.

Òótọ́ ni pé o ò ga bí Ìdànrè, tó ti wà lára ohun tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún àgbáyé láti 2007. O ò ní adágún orí òkè bí Àdó-Àwáyè. Ṣùgbọ́n yanrìn funfun Lekki, àbàtà ẹ̀bá ọ̀sà, àti ìwọ ilẹ̀ pupa Alímọ̀ṣọ́, ẹ̀yin lẹ para pọ̀ di Èkó. Ta ló máa mọ Èkó tí kò bá mọ̀ ọ́?

Àwọn ará ilé wa sọ fún mi lórí fóònù pé ìntalọ́ọ̀kì ti bo ojúlé wa. Mo bá wọn yọ̀ nítorí ẹrẹ̀. Ó sì dùn mí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Akówọnjọ tí ẹ ń gbẹ́ kànga lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò ògiri rẹ̀ kí rìǹgì kọ́ńkéré tó bò ó, kí ẹ kọ bó ṣe jìn tó sílẹ̀, kí ẹ sì bu díẹ̀ nínú ìpele kọ̀ọ̀kan lọ fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Èkó, Akọka.