Fóònù tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni

Ẹ gbọ́, nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn lálẹ́ yìí.

Fóònù inú kọ̀ǹpútà tí àwa tó ń kọ áàpù fi ń dán iṣẹ́ wò, kò wúwo, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, nọ́ńbà kan náà ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ á máa kà ṣáá.

Fóònù gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.
Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ wo bó ṣe ń ka òòfà ilẹ̀: 9.79, 9.83, 9.80.
Kò sinmi rárá!

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn SdkController, irinṣẹ́ Android àtijọ́ yẹn.
Wáyà USB ló fi ń so fóònù gidi mọ́ tinú kọ̀ǹpútà.
Nígbà náà, bí ẹ bá dá fóònù ọwọ́ yín dùbúlẹ̀, tinú kọ̀ǹpútà náà máa ń gbọ́.

Máòsì la fi ń yí fóònù inú kọ̀ǹpútà báyìí. Ó rọrùn lóòótọ́,
àmọ́ ta ló ń rìn bíi máòsì?
Áàpù tó máa ka ìṣísẹ̀ ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e rìn lọ sọ́jà kẹ́ ẹ tó gbé e jáde.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ fi ń dán sẹ́ńsọ̀ wò?