Ìwé Àyẹ̀wò Tí Wọ́n Fi Bírò Pupa Kọ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọkùnrin kì í sábà kọ irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròhìn. Ṣùgbọ́n mo bi ìyàwó mi, ó ní kí n kọ ọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí mo tún ń wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tọkọtaya tí ń wá ọmọ ni, àti ọ̀rọ̀ ìwé pélébé kan tí láàbù máa ń fúnni, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kà bí ẹni pé adájọ́ ni ó fọwọ́ sí i.

Ọdún kẹfà rèé tí a ti ṣe ìgbéyàwó. Èmi ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ayétòrò níbí. Òun ń ta aṣọ, Ìlaró àti Ọjà-Ọ̀dàn ni ó sì ti ń ná ọjà jù. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní Ìlaró ni ó sọ fún wa pé ti ọkùnrin ni ó rọrùn jù, pé kò sì bójú mu kí a máa gún obìnrin lábẹ́rẹ́ kiri nígbà tí a kò tíì mọ ohun tí ọkọ gbé dání. (Mo mọ àwọn ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí yóò bí nínú. Kí wọ́n máa bínú.) Tèmi dára. Ó wá kan ìyàwó mi.

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí ìwé pé kí wọ́n yẹ progesterone wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Họ́mónù ni progesterone. Họ́mónù ni iṣẹ́ tí apá kan nínú ara ń rán sí apá mìíràn, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá a jẹ́. Èyí tí à ń wí yìí, ilé ẹyin obìnrin ni ó máa ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ẹyin bá ti já, kí ilé-ọmọ lè tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ de oyún. Bí ẹyin kò bá já lóṣù kan, kò ní pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lóṣù náà.

A lọ sí ilé àyẹ̀wò aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Àyè wà lára ìwé wọn tí ó yẹ kí wọ́n kọ ọjọ́ tí obìnrin rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn sí. Ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ wa fò ó kọjá. Orúkọ àti ọjọ́ orí ni ó béèrè, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, ó parí. Nígbà tí a padà lọ gba èsì, ohun tí a bá níbẹ̀ ni 0.6 ng/ml, wọ́n sì fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ó kéré.

Ìwé náà kò tíì sùn nílé tí ìyá mi fi gbọ́. Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, “Àjàní, ìwé òyìnbó ti sọ ọ́. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìmẹ̀kọ, ọmọlúàbí ni, àwọn àbúrò bàbá rẹ yóò jókòó lé e lórí lóṣù tí ń bọ̀.” Ìyá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má ṣì í gbọ́. Ẹ̀rù ń bà á ni pé òun yóò kú láìgbé ọmọ mi pọ̀n. Ṣùgbọ́n àwa ará Yewa tí à ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún àwọn ìyá, tí a mọ bí a ti ń júbà abiyamọ, ohun tí a máa ń fojú obìnrin tí kò tíì bí rí kò ṣeé fẹnu sọ.

Ìyàwó mi kò dá a lóhùn. Nígbà tí ìyá mi lọ tán, ó mú ìwé gbèsè rẹ̀ wá, èyí tí ó ń kọ àwọn tí ó rajà àwìn sí. Lẹ́yìn ìwé náà, láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ni ó ti ń kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí: ọjọ́ 32 sí ara wọn, nígbà mìíràn 31, nígbà mìíràn 33. Ó fi ọ̀bọ̀n-ìka rẹ̀ lé e, ó ní, “Tíṣà, ẹ wò ó. Ọjọ́ karùn-ún tí mo rí nǹkan oṣù ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yìí. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ bóyá ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n ń wá a.”

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ṣeré dàgbà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ní Abẹ́òkúta. Òun ni a lọ bá. Ó wo ìwé náà, ó mi orí. Ó ní kò sí obìnrin tí wọn yóò yẹ̀ wò ní ọjọ́ karùn-ún tí tirẹ̀ kò ní kéré, ìbáà bí ọmọ mẹ́wàá, nítorí ẹyin oṣù náà kò tíì já. Ó mú wa wọlé, ó sì fi kíìtì tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n hàn wá: àwo ike kan tí ó ní ihò 96, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, pẹ̀lú àwọn ìgò kéékèèké tí a kò gbọdọ̀ gbé kúrò nínú fíríìjì. Ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ni wọ́n gbọdọ̀ wà. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ìjọba ti rí. Ẹ fi ojú inú wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní láàbù tí kò bá ní ẹ̀rọ amúnáwá.

Mo ní kí ó ṣàlàyé bí ike ṣe lè ka ohun tí ojú kò rí. Ó ní kí n fi ọkọ̀ Ìlaró sí Ìdí-Ìrókò ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkọ̀ kan wà ní gáréèjì tí àyè ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 18 péré. A rán ènìyàn 18 tí ó dé fìlà pupa lọ síbẹ̀. Bí kò bá sí èrò mìíràn, àwọn onífìlà pupa ni yóò gba gbogbo àyè. Bí àwọn tí kò dé fìlà bá wà níbẹ̀, wọn yóò jọ du àyè ni. Bí a bá yọjú wo inú ọkọ̀ tí a bá onífìlà pupa 9, a mọ̀ pé àwọn tí kò dé fìlà ní gáréèjì náà tó 18. Bí ó bá jẹ́ 6 ni a bá, wọ́n tó ìlọ́po méjì, ìyẹn 36. Onífìlà nìkan ni a kà, a sì mọ iye àwọn yòókù. Ọkọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní antibody, èròjà tí ara ẹranko máa ń ṣe láti fi di ohun àjèjì mú. Èrò tí kò dé fìlà ni họ́mónù inú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi. Onífìlà pupa ni irú họ́mónù kan náà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kíìtì ti sàmì sí. Mo ti fi àpẹẹrẹ yìí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣirò, láìsọ ibi tí mo ti rí i.

Obìnrin kan, Rosalyn Yalow, àti dókítà Solomon Berson ni wọ́n gbé ọgbọ́n yìí jáde ní ilé-ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Bronx, New York, ní àwọn ọdún 1950. Insulin, họ́mónù tí ó kan àrùn àtọ̀gbẹ, ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ̀n. Fìlà pupa tiwọn jẹ́ èròjà tí ń tú ìtànṣán jáde, ẹ̀rọ ni ó sì ń kà á. Berson kú ní 1972, nítorí náà Yalow nìkan ni ó gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ náà ní 1977. Ní 1971, Engvall àti Perlmann ní Stockholm ní ilẹ̀ Sweden fi èròjà tí ń yí àwọ̀ omi padà rọ́pò ìtànṣán, ìyẹn ni ó sì jẹ́ kí irú kíìtì bẹ́ẹ̀ lè dé Abẹ́òkúta. Ọ̀pá pélébé tí àwọn obìnrin ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láti fi mọ̀ bóyá wọ́n lóyún, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Ọmọ Igbó-Ọrà ni ọ̀rẹ́ mi yìí, ìbejì sì ni. Ó sọ ìtàn kan fún wa tí ó yà mí lẹ́nu. Igbó-Ọrà, tí ó wà ní Ìbàràpá lẹ́yìn Abẹ́òkúta, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí Dókítà Percy Nylander ti University College Hospital, Ìbàdàn, ti ṣe ìwádìí ìbejì ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Ó rí i pé nínú 1000 ìbímọ lọ́dọ̀ wa, nǹkan bí 45 jẹ́ ìbejì, nígbà tí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà jẹ́ bí 12. Àwọn ìbejì tí ẹyin kan pín sí méjì kò pọ̀ níbí ju ibòmíràn lọ. Bí 4 nínú 1000 ni káàkiri ayé. Àwọn tí ó wá láti inú ẹyin méjì ni ó pọ̀ ní tiwa. Ní 1973 Nylander tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí họ́mónù tí wọ́n ń pè ní FSH, èyí tí kókó kan lábẹ́ ọpọlọ ń rán sí ilé ẹyin pé kí ó mú ẹyin gbó. Họ́mónù yìí ga nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá ìbejì ju ti àwọn tí ń bí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ, ó sì ga jù lára àwọn tí ó ti bí ìbejì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn ará Igbó-Ọrà ní tiwọn sọ pé ìlasa àti àmàlà ni. Kò tíì sí ẹ̀rí tí ó fìdí èyí múlẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ìyá mi fi fi ìlasa bọ́ ìyàwó mi.

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fà yọ ni pé FSH yìí kan náà, bí ó bá ga gidigidi lára obìnrin ẹni ọdún 45 tí ń wá ọmọ, ohun tí ó ń sọ ni pé ẹyin ti ń tán, tí ọpọlọ sì ń kígbe sí ilé tí ẹni tí yóò dáhùn kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Họ́mónù kan ni. Ayọ̀ ni níbì kan, ìbànújẹ́ ni níbòmíràn. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ orí obìnrin náà, àti ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan.

Ó ṣírò ọjọ́ wa fún wa. Ẹyin sábà máa ń já ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tí ń bọ̀ tó dé, progesterone a sì ga jù ní nǹkan bí ọjọ́ 7 kí ó tó dé. Fún obìnrin tí oṣù rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28, ìyẹn bọ́ sí ọjọ́ 21, ohun tí wọ́n sì ń kọ kiri nìyẹn fún gbogbo obìnrin. Ti ìyàwó mi tí ó jẹ́ 32, ọjọ́ 25 ni. Ó tún bi í bóyá ó ń lo oògùn tí ń mú irun hù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní biotin nínú, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì ń lo biotin láti ṣe kíìtì wọn. Ní 2017 àjọ tí ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó lè ṣi èsì lọ́nà, kí ó ga tàbí kí ó kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Ìyàwó mi kò lò ó, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni mẹ́ta tí ń tà á.

A padà lọ ní ọjọ́ 25. Èsì tí ó jáde ni 38 nmol/L. Àbúrò mi tí ó bá wa lọ pariwo pé, “Láti 0.6 sí 38! Iṣẹ́ ìyanu ni!” Mo ní kí ó rọra. Ẹ̀yin tí ń ná ọjà ní Ìdí-Ìrókò, ẹ kò ní fi iye náírà wé iye sẹ́fà láìṣírò. Òṣùwọ̀n ìwé kejì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́: 1 ng/ml progesterone jẹ́ 3.18 nmol/L, nítorí náà 38 yìí jẹ́ nǹkan bí 12 lórí òṣùwọ̀n ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀ ó dára, nítorí bí ó bá ti ju 30 nmol/L lọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà gbà pé ẹyin já lóṣù náà. Kódà láìsí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, kíìtì ilé-iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu pátápátá. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dá ètò kan sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń fi èròjà kan náà àti ìlànà kan náà ránṣẹ́ sí àwọn láàbù orílẹ̀-èdè púpọ̀, kí 10 ìlú kan lè jẹ́ 10 ìlú kejì.

Mo gbé ìwé méjèèjì lọ bá ìyá mi, mo sì kà wọ́n fún un. Ó ní, “Ṣé èkínní purọ́ ni?” Mo ní, “Rárá, Màmá, wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí kò yẹ ni.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè ohun tí èmi náà ń bi ara mi: “Nígbà náà, kí ni ó ń dá ọmọ dúró?”

N kò lè dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì ní ó kù kí a wo ojú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wọ ilé-ọmọ. Ìwádìí ńlá kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1985, fi hàn pé ní ilẹ̀ Áfíríkà, àrùn tí ó ti wọ inú, tí ó sì dí ọ̀nà yìí, ni ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ. Wọn yóò fi oògùn kan sí i, wọn yóò sì ya fọ́tò rẹ̀. Ìyá mi ti ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò bàbá mi pé kí wọ́n sún ìjókòó nípa ọmọ Ìmẹ̀kọ yẹn di ọdún tí ń bọ̀. Kò ní kí wọ́n fagi lé e. Ìyàwó mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí a wá ya fọ́tò náà láàárín ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹwàá tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Ó ti kà á lẹ́yìn ìwé gbèsè rẹ̀: ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀ jẹ́ ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ ọjà ni, ṣùgbọ́n ó ti bẹ ẹnìkan kí ó bá òun jókòó ti ìsọ̀ aṣọ òun.