Ilé Olóko Ìrèké ní Bàhíà, àti Àwa Ará Ìlobùú òun Ìfọ́n

Àwòrán kan ni ó mú mi kọ ìwé yìí, ẹ̀yin òǹkàwé. Ọmọ mi obìnrin tí ó lọ sí Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí ọ̀pọ̀ Àgùdà Èkó ti ṣẹ̀ wá, ni ó fi ránṣẹ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá ni, etí omi ni ó wà, ṣọ́ọ̀ṣì sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo kọ́kọ́ rò pé ààfin ọba ni. Àṣé ilé olóko ìrèké ni, Engenho Freguesia ni wọ́n ń pè é, ní Candeias.

Láàárín ọdún 1700 sí 1800 ni wọ́n kọ́ ilé náà, ṣùgbọ́n oko ìrèké ti wà níbẹ̀ tipẹ́ ṣáájú. Ní irú oko bẹ́ẹ̀, olówó a máa gbé òkè, ẹrú a máa gé ìrèké, wọn a fún omi rẹ̀, wọn a sè é nínú agbada ńlá títí yóò fi di ṣúgà. Ní àsìkò ìkórè, iná ìdí agbada kì í kú tọ̀sán tòru. Kí Bùràsíìlì tó fi òpin sí kíkó ẹrú wọlé ní 1850, àwọn Yorùbá tí ogun kó pọ̀ gidigidi nínú àwọn tí ọkọ̀ ń já sí Bàhíà. Ó di 1888 kí a tó tú gbogbo ẹrú sílẹ̀. Ní 1946, Wanderley Pinho kọ odindi ìwé lórí ilé yìí. Ní 1971 wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Ọmọ mi wá béèrè pé, “Bàbá mi, nínú àwọn tí ó gé ìrèké ní àwọn oko wọ̀nyí, ta ni ará Ìlobùú, ta ni ará Ìfọ́n?”

N kò rí èsì fún un. Ẹni tí ó rà wọ́n kò bi wọ́n ní ìlú. Nàgó ni ó pe gbogbo wọn. Àwọn fúnra wọn ni kò gbàgbé. Títí di òní, ní Bàhíà, wọ́n ń bọ Òrìṣà Olúfọ́n ti Ìfọ́n, arúgbó tí ó ń fi ọ̀pá rìn, Oxalufã ni wọ́n ń pè é. Wọ́n sì ń bọ Erinlẹ̀ tiwa ti Ìlobùú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà lọ́dọ̀ wa mọ̀ bí ìlú méjèèjì ti súnmọ́ra tó. Bàbá mi ọmọ Ìlobùú ni, ìyá mi ọmọ Ìfọ́n. Síbẹ̀, a ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí ilẹ̀, títí ìjọba fi pàṣẹ kónílé-ó-gbélé ní 2025. Láti ìgbà náà n kò dé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi, bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ń wí pé ẹ̀rù ọ̀nà ni. Irọ́ ni, ìbínú ni.

Mo mú àwòrán náà lọ ní ọjọ́ Àìkú. Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá kò dáhùn. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí.

“Níbo ni àwọn ẹrú ń sùn?”

Mo ní kò hàn nínú àwòrán. Wọ́n ní kí n dìde, kí n wọlé wá jẹun.