Èmi Ni Mo Ní Kó Máa Bọ̀

Èmi ni mo sọ fún nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù wa pé kó máa bọ̀ níbi iṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀gá àgbà, kì í ṣe ìjọba. Èmi tí mò ń pín dúúti ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni.

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ti há. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ara mi ò yá. Ikọ́ yìí ò jẹ́ kí n sùn, òógùn sì ń bò mí lóru."

Mo ní, "Ta lo fẹ́ kí n fi sípò ẹ? Ó ti rẹ gbogbo wa. Lo oògùn, kó o máa bọ̀."

"Ó dáa, mà." Ó wá. Ó sì ń wá bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀.

Láti ìgbà tí Ìlú Ọba ti ṣí físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀ lọ́dún 2020 ni àwọn nọ́ọ̀sì wa ti ń lọ. Iṣẹ́ ẹni tó lọ, ọrùn ẹni tó kù ló ń bọ́ sí. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ṣòfin pé ó di ẹ̀yìn ọdún 2 téèyàn bá ti ṣiṣẹ́ nílé kí wọ́n tó lè jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Wọ́ọ̀dù tiwa ò torí ìyẹn ní èèyàn sí i. Mi ò fi èyí bo ara mi. Ẹ̀rù kí wọ́ọ̀dù má ṣófo ló bà mí, mo wá gbé ẹ̀rù náà lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Èmi yìí náà ni mo máa ń kìlọ̀ fáwọn aláìsàn pé ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2, kí wọ́n lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, pé ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife. Mo rí i pé ó ń rù. Mo ń gbọ́ ikọ́ náà látinú ọ́fíìsì mi. Mo pè é ní àárẹ̀, torí pé bí mo bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an, mo ní láti ní kó lọ sílé.

Ikọ́ ife ni lóòótọ́. Ó ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan jẹ́, ọmọ tó ń fún lọ́mú sì ti kó o. Oṣù 6 làwọn méjèèjì fi lo oògùn. Ara ọmọ yẹn yá. Ìyá rẹ̀ ò lè gun àtẹ̀gùn láìdúró mí mọ́, ó sì ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Inú afẹ́fẹ́ ni àìsàn yìí ń gbà ràn. Gbogbo obìnrin tó sùn sí wọ́ọ̀dù wa lásìkò yẹn la ní láti wá kàn. Nọ́ńbà àwọn míì ò lọ mọ́. Àwọn míì ò sí ládùúgbò tí wọ́n kọ sílẹ̀. A ò rí gbogbo wọn.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, mi ò sì béèrè.

Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá pè pé ara òun ò yá, mo máa ń ní kó dúró sílé. Màá kọ ọ́ sínú ìwé pé nọ́ọ̀sì ò pé ní wọ́ọ̀dù, màá sì fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá. Èsì kan ṣoṣo tí mò ń rí gbà ni pé kí n máa lo àwọn tó wà nílẹ̀.