Àwa Tí A Kọ́ Kẹ́mísírì Lórí Fóònù

Àwa la wà ní yunifásítì nígbà tí Kòrónà wọlé dé. Oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Oṣù yẹn náà ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gùn lé ìyanṣẹ́lódì, wọn kò sì dá a dúró títí di oṣù Kejìlá. Nígbà tí wọ́n máa fi pè wá padà, orí fóònù ni wọ́n pè wá sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kò sí oore nínú rẹ̀. Ṣebí ojú fèrèsé lọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí inú gbọ̀ngàn ti kún. Ẹnì kan wà láàárín wa tí etí rẹ̀ wúwo: lórí fóònù, ó ń dá ohùn olùkọ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n lójúkojú. Abiyamọ kan ń gbọ́ tirẹ̀ lóru, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn. Àwọn tí ilé wọn wà lóko ńkọ́? Wọ́n ń rìn dé ojú títì kí wọ́n tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dátà wọn á sì tán kí fídíò kan tó parí.

Iṣẹ́ láàbù ló dùn wá jù. Nínú fídíò, ásíìdì ń kán láti inú ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n ń pè ní burette sínú omi kọ́sítíkì tí aró methyl orange ti sọ di yẹ́lò. A da iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ kọ, a ṣírò, a gba máàkì. Kò sẹ́ni tó ṣì í nínú fídíò.

Nígbà tí a padà sí láàbù, ọjọ́ tí èmi fúnra mi dúró níwájú burette, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ̀kán kan ló kù. Mo ṣí ẹnu rẹ̀ jù díẹ̀, àwọ̀ ọsàn tí mò ń retí kò dúró, gbogbo rẹ̀ pọ́n. Mo dà á nù, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo tó rí i mú. Ọjọ́ yẹn ni kẹ́mísírì yé mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022 dé, oṣù mẹ́jọ gbáko.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa gbígba ohùn yín sílẹ̀ tì. Ẹ sì jẹ́ kí gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa fi ọwọ́ ara wọn di burette mú, kí wọ́n ṣì í, kí wọ́n sì ráyè tún un ṣe.